Ẹni Tó Ń Ka Lẹ́tà fún Ìyá Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kìíní

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ràn? Ṣé ṣọ́ọ̀bù ń lọ dáadáa? Mo kí Màmá Ńlá náà, ẹ̀gbọ́n yín, tí mo mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí báyìí, tí ẹ̀yin sì ń gé aṣọ lọ ní tiyín. Màmá Ńlá, ẹ kú iṣẹ́ ojú, ẹ kú iṣẹ́ ẹnu.

Mo ṣì wà ní ilé ìfọṣọ. Aṣọ ìbùsùn ilé ìwòsàn là ń fọ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ká wọn bí wọ́n bá ti jáde láti inú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Èmi àti obìnrin kan la jọ ń ká a. Òun á di igun méjì mú, èmi á di méjì mú, a ó sì pàdé láàárín. Oníwàhálà là ń pè é, torí kò sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì tí kì í mọ̀. Òun ló kó ìwé kíkà ràn mí.

Ìwé ìtàn ni o. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì ni àwọn ìtàn náà: ẹsẹ̀ kan wà lóde òní, ẹsẹ̀ kejì wà láyé ogun. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó bá ọmọbìnrin òde òní kan tí ìyá ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, tó lọ palẹ̀ ilé mọ́, tó wá rí ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, bíi bàtà ọmọdé tàbí bọ́tìnnì aṣọ ológun. Bí ẹ bá dé orí kejì, ogun ti dé, ìyá àgbà yẹn ṣì jẹ́ ọmọge, ó ń sá lọ. Wọ́n á gbé yín dé ibi tí àyà yín ti ń já, wọ́n á fi yín sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á padà sọ́dọ̀ ọmọ òde òní tó ń mu tíì. Inú á bí yín, ẹ ò sì ní lè gbé ìwé náà sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ti gbé mi kọjá ibi tí mo fẹ́ sọ̀ nítorí rẹ̀. Kí n sì tó kà á dé ìdajì báyìí, mo ti máa ń mọ àṣírí tí wọ́n fi pamọ́. Oníwàhálà ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ló yẹ kí n lọ ṣe.

Mo fi mẹ́ta rán ẹnì kan tó ń bọ̀ nílé. Ẹ kà á, kí ẹ sọ bó ṣe rí lára yín fún mi. Màmá mi, ẹ̀yin náà sì rí ogun. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu yín láti kékeré ò ju "ogun dé, a sá, a padà" lọ. Ìtàn wo ni kò ní orí tí kò ní ìdí bẹ́ẹ̀? Àbí ilé wa nìkan ni kò ní àṣírí?

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Ìyá rẹ ló ń sọ̀rọ̀, Màmá Ńlá rẹ ló ń kọ ọ́, bí a ti máa ń ṣe é.

A dúpẹ́, ara le. Orúnkún ò gbọ́ràn, ṣùgbọ́n ó ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀. O rù nínú fọ́tò tó o fi sínú ìwé. Ṣé ìwé lò ń jẹ ni? (Kò rù. Ìyá rẹ ti fẹ́ràn ẹjọ́ jù.) O sì tún pẹ́ kó o tó kọ̀wé. Ẹni tó ráyè ka ìwé tó nípọn báyẹn, ó yẹ kó ráyè kọ ojú ìwé kan sí ìyá rẹ̀.

Àwọn ìwé náà dé. Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọ́kọ́ lọ́jọ́ tí mò ń gé ṣòkòtò fún ọ̀gá ilé ìwé kan. Ibi tí wọ́n ti jó afárá tí ọmọ yẹn sì wà ní òdì kejì odò ni ọkàn mi lọ, tí mo fi gé ẹsẹ̀ kan kúrú ju ìkejì lọ. (A ti sọ ọ́ di ṣòkòtò ọmọ rẹ̀. Ó ní kò burú.) Ìyàwó awakọ̀ tó ń gbé lẹ́yìn wa gbé ìró kan wá pé kí a bá òun ṣẹ́ etí rẹ̀. A ṣẹ́ ẹ, ó gbà á. Ó délé, ó tú u, ó tún gbé e padà wá, kó ṣáà lè jókòó gbọ́ bó ṣe parí. Èmi rí i pé abẹ́ ni wọ́n fi tú u, mi ò sọ nǹkan kan, torí èmi náà fẹ́ gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n mi ò ráyè ti ọmọ òde òní yẹn. Kò níṣẹ́ méjì ju kó máa tú ẹrù òkú lọ. Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi máa fo ibi tirẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. (Ẹni tó kọ ọ́ ò ya wèrè. Bí èèyàn bá ń fò ó, kò ní mọ ohun tí ogun yẹn dà nígbẹ̀yìn.) A ń jà lé e lórí lójoojúmọ́, ó sì ti pẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù wa ti dùn báyìí gbẹ̀yìn. Fi òmíràn ránṣẹ́.

Ojú mi ń ṣe bàìbàì sí i. Bó o bá rí awò ojú tó dára lọ́dọ̀ yín, bá mi fi ránṣẹ́.

Ní ti ogun tiwa, mo ti sọ fún ọ. Ogun dé, a sá, a padà. Má bi mí mọ́. (Èmi náà ní kó o má bi í mọ́.)

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta

Màmá mi,

Ẹ kú ilé o. Inú mi dùn sí lẹ́tà yín débi pé mo kà á fún Oníwàhálà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jẹ́ kí aṣọ bọ́ sílẹ̀, a ní láti tún un fọ̀. Ó ní kí n bá òun kí ìyàwó awakọ̀.

Awò ojú yín ló wà nínú páálí yìí. Ìwé kẹrin náà wà níbẹ̀. Èyí dùn ju gbogbo wọn lọ: ìtàn ìdílé kan tó ń sá fún ogun lójú ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fo ibì kankan o.

Ojú ìwé kejì lẹ́tà yìí, ẹ̀yin nìkan ni mo kọ ọ́ fún. Ẹ ti ní awò ojú báyìí, nítorí náà ẹ fúnra yín ni kẹ́ ẹ kà á. Ẹ má jẹ́ kí Màmá Ńlá rí i.

Màmá mi, mo mọ̀ pé ẹ ní kí n má bi yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìyá yín, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bí ọmọ kan bá ń bínú tí kò fẹ́ jẹun, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí i fún un. Wọ́n sọ tiyín fún mi, pé agbẹ̀bí ń sín títí ẹ fi jáde. Wọ́n sọ ti àbúrò yín ọkùnrin, pé òrùlé ń jò. Wọ́n sọ tèmi náà. Ti Màmá Ńlá nìkan ni wọn ò sọ rí. Mo bi wọ́n léèrè nígbà kan, ohun tí wọ́n sọ ò ju pé, "Ó dé nígbà tí a nílò rẹ̀." Màmá Ńlá ò sì jọ ẹnì kankan nílé wa.

Mo ti ka ìwé tó láti mọ ohun tí ìyẹn ń jẹ́. Màmá Ńlá kì í ṣe ọmọ Ìyá Àgbà. Ojú ọ̀nà lẹ ti rí wọn nígbà ogun. Ṣé mo mọ̀ ọ́n àbí mi ò mọ̀ ọ́n? Ẹ tètè fèsì, ó ń ṣe mí bíi pé ó ku ojú ìwé kan kí n parí ìwé.

Èmi ọmọ yín tó gbọ́n.


Ọjọ́ kejì, oṣù Karùn-ún

Èmi fúnra mi ni mo kọ èyí. Bí ó bá wọ́, fara mọ́ ọn.

Awò ojú rẹ dé. Inú páálí rẹ̀ ló wà lọ́jọ́ tí a ka lẹ́tà rẹ, torí mi ò fẹ́ fi ka nǹkan kan. Ohùn ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń fẹ́ gbọ́. Wọ́n ka lẹ́tà rẹ sókè, bí wọ́n ti máa ń kà á láti ìgbà tó o ti lọ. Ìyàwó awakọ̀ wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tó o ti ní kí n má jẹ́ kí àwọn rí i, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ gbé e fún mi. Èmi ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa kà á lọ. Kí ni ọmọ mi fẹ́ sọ fún mi tí ẹ̀yin ò gbọdọ̀ gbọ́?"

Wọ́n kà á. Ohùn wọn ò yí padà. Wọ́n kà á dé ibi tó o ti ń béèrè bóyá o mọ̀ ọ́n, àti ibi tó o ti pe ara rẹ ní ọlọ́gbọ́n. Wọ́n ká lẹ́tà náà, wọ́n fi sábẹ́ àlùmọ́gàjí mi, wọ́n ní òwú dúdú ti tán, àwọn ń lọ rà á. Òwú dúdú wà lórí tábìlì.

Láti ọjọ́ náà, wọn ò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ilẹ̀kùn wọn ń wà ní títì. Ẹ̀rọ ìránṣọ wọn wà níwájú mi, mo da aṣọ bò ó.

Mi ò mọ ohun tí mo máa fi ọ́ ṣe.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo wólẹ̀, mo fi ojú mi gbálẹ̀. Lẹ́tà yín ti dé tipẹ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ èsì, mo máa ń ya á. Nígbà tí mo rí àdírẹ́sì lára àpò lẹ́tà yín, tí kì í ṣe ọwọ́ Màmá Ńlá ló kọ ọ́, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ kí n tó ṣí i.

Mo mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ń ka lẹ́tà mi fún yín. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀. Èmi náà ni mo kí wọn kú iṣẹ́ ẹnu. Mo kàn rò pé bí awò ojú bá ti dé, gbogbo ìṣe ilé wa á yí padà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àṣírí tí mo ti mọ̀ ló dùn mọ́ mi. Òun ni mò ń wò, mi ò wo èèyàn tó wà nídìí rẹ̀. Màmá Ńlá ló kọ́ mi ní ìwé kíkà. Èmi sì ni mo jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn ka ọ̀rọ̀ yẹn síta níwájú oníbàárà.

Mo sọ fún Oníwàhálà. Mo rò pé yóò bá mi káàánú. Ó ká aṣọ mẹ́rin kó tó sọ̀rọ̀, ó wá ní òun kàn ń rò ó pé àwọn tó wà nínú ìwé kì í lè kọ̀wé padà sí ẹni tó ń kà wọ́n. Mo kó gbogbo ìwé náà fún un. Mi ò fẹ́ rí wọn mọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ̀wé sí Màmá Ńlá. Ẹ sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi. Ẹ bú mi, ẹ ṣáà máa bá mi sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Má kọ̀wé sí wọn. Lẹ́tà ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí lẹ́tà tún lọ bá a.

O fẹ́ mọ̀. Ó dára, máa gbọ́. Ọmọbìnrin méjì ni ìyá mi kó jáde nílé lọ́jọ́ tí ogun dé: ẹ̀gbọ́n mi tó ti ń lọ sí ilé ìwé, àti èmi tí wọ́n ṣì ń pọ̀n bó bá rẹ̀ mí. Bàbá wa wà lójú ogun. A dé ilé ìwé kan tí àwọn tó ń sá fún ogun kún inú rẹ̀. Níbẹ̀ ni inú rírun ti mú ẹ̀gbọ́n mi, kò sì pẹ́ tó fi kú. Ìyá mi lọ pọn omi tí wọ́n máa fi wẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ lé wọn. Ọmọbìnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, ó di ife tánganran mú, kò sọ̀rọ̀. Ó tó ẹ̀gbọ́n mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ní ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Ìyá mi fà mí, mi ò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Mo figbe ta títí ìyá mi fi jókòó sílẹ̀, tí àwọn náà sunkún. Nígbà tí a máa kúrò níbẹ̀, àwa mẹ́ta la jọ lọ.

Ọmọ méjì ló jáde nílé, ọmọ méjì ló padà. A pẹ́ lẹ́yìn odi, ọmọdé sì ń yí padà, aládùúgbò kankan ò béèrè nǹkan kan. Bàbá wa dé láti ojú ogun, wọ́n wo àwa méjèèjì, wọ́n wo ìyá mi, wọ́n gbé wa lé ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó parí síbẹ̀. Ìyá mi pè mí sẹ́yìn ilé, wọ́n ní ibà tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi tí a rí nídìí ẹ̀rọ omi ti jẹ́ kó gbàgbé gbogbo rẹ̀, pé bí mo bá rán an létí, yóò lọ. Mo búra. Irun mi ti funfun lórí ìbúra náà.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn kì í ṣe irọ́ tí mo pa. Bóyá ẹnì kan padà wá sí ìdí ẹ̀rọ omi yẹn lẹ́yìn tí a lọ, tó ń wá ọmọ rẹ̀. Èmi ni mo fà á kúrò níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe máa wò wọ́n lójú sọ bẹ́ẹ̀? Mo ti dé ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mejì, mo padà.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹjọ

Màmá mi,

Mo ka lẹ́tà yín ní yàrá ìmúra wa níbi iṣẹ́, mi ò sì lè jáde mọ́ títí wọ́n fi wá mi wá. Mo bi yín léèrè bóyá ilé wa ò ní àṣírí, bí ẹni tó ń béèrè bóyá ìyẹ̀fun ṣẹ́kù. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ má padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá fẹ́ bínú, kí wọ́n bínú sí yín lójú, ó sàn ju kí wọ́n rò pé ẹ ò wá lọ.

Mò ń retí èsì.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án

Màmá mi,

Ẹ ò fèsì. Ẹ kàn sọ fún mi pé ẹ wà láàyè, ẹ̀yin méjèèjì.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi,

Èmi Màmá Ńlá rẹ ni. Ìyá rẹ jókòó níwájú mi, ó ń gé aṣọ. Ó ní òun ò ní nǹkan kan láti sọ, kí n sọ tèmi.

Mo bínú sí ọ. Mo fẹ́ kó o mọ̀ ọ́n, torí mi ò fẹ́ fi ẹnu dídùn bò ó. Mo dojú fọ́tò rẹ bolẹ̀ nílé mi. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló tì mí mọ́lé, kì í ṣe ìbínú. Mo rò pé ìyá rẹ ò mọ̀. Mo rò pé ẹnu mi ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lọ́jọ́ náà, níbi tí ìyàwó awakọ̀ ti ń fi eyín pa ẹ̀pà jẹ. Lẹ́yìn ogun, ìyá wa pè mí sẹ́yìn ilé. Wọ́n ní, "Àbúrò rẹ ò rántí pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Bó bá mọ̀, ẹkún ni yóò pa á. Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀." Mo búra. O rí i pé ẹ̀yìn ilé kan náà ni, bóyá ọjọ́ kan náà ni. Ìyá wa fi àwa méjèèjì ṣọ́ ara wa láìjẹ́ kí ẹnì kankan mọ̀ pé ẹnì kejì ń ṣọ́ òun.

Mi ò gbàgbé nǹkan kan rí. Mo rántí ìyá tó bí mi. Ó gbé ife fún mi, ó ní kí n jókòó síbẹ̀, kí n má kúrò títí òun á fi dé. Mo kúrò. Ìyẹn ni mo ti ń gbé kiri láti ìgbà náà, ọmọ mi, kì í ṣe pé mi ò jọ yín.

Lọ́jọ́ kan ní oṣù tó kọjá, mo gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà mi. Kò kanlẹ̀kùn, kò pè mí. Ó ń kàwé. Mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí ìyá rẹ lórí àpótí, awò ojú lójú, ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé kẹrin tó o fi ránṣẹ́. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé sókè rárá. Ó sì ń fo gbogbo orí òde òní. Mo fara dà á títí, nígbà tó ṣí orí kẹta kọjá, mo sọ láti inú ilé pé, "Padà, ka èyí tó o fò yẹn." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣílẹ̀kùn, kí ẹ wá kà á fún mi."

Mo ṣílẹ̀kùn. A ò ka nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ó sọ tirẹ̀, mo sọ tèmi. Nígbà tí mo sọ fún un pé mo kúrò níbi tí wọ́n ní kí n jókòó sí, ó bọ́ awò ojú náà, ó ní, "Ẹ ò kúrò. Èmi ni mo fà yín lọ́wọ́." Òun náà ti ń gbé e kiri. A jókòó síbẹ̀, a ń du ẹ̀bi mọ́ ara wa lọ́wọ́ bí ẹni ń du ẹrù.

Mo bi í léèrè irú ọmọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ béèrè, kò sí ẹni tí mo lè bi. Ó ní òun ò rántí ju pé ó máa ń súfèé, wọ́n sì máa ń bá a wí. Ìyá wa fún mi ní orúkọ ọmọ náà, aṣọ rẹ̀, àti àyè rẹ̀ lórí ẹní. Ìtàn ọjọ́ ìbí rẹ̀ nìkan ni wọn ò fún mi, ìwọ sì rò pé ohun tó yẹ kí wọ́n fún mi ni wọ́n fi dù mí. Mo mọ ìdí tí wọn ò fi fún mi. Nǹkan kan gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù fún ẹni tó lọ.

Ní tìrẹ, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ pé o ṣe dáadáa nítorí pé ó yọrí sí ire. Bó ṣe máa ń parí nínú ìwé rẹ nìyẹn, gbogbo èèyàn á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ tó tú ẹrù. Èmi ò dúpẹ́. Àwọn oṣù tí mo fi jókòó nínú ilé, tí ìyá rẹ ń dá gé aṣọ, kò sẹ́ni tó lè dá wọn padà fún wa, a sì ti dàgbà. Fi ìyẹn sọ́kàn. Má wá jẹ́ kó pa ọ́, kó o má bàa tún fi ìyẹn kún un.

Gba àwọn ìwé rẹ padà lọ́wọ́ Oníwàhálà, kó o sì fi òmíràn ránṣẹ́. A ti ń ka ìkẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀, a ò fo nǹkan kan. Ìyàwó awakọ̀ ti tún tú etí ìró rẹ̀.

Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní mi ò lè jẹ́rìí ara mi, kó fúnra rẹ̀ kọ ọ́. Mo ti gbé bírò fún un. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi ni mo kọ ọ́.